Ọlọ́run Gbà Mí Lọ́wọ́ Oògùn Eré Kẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi rìn wá síwájú yín láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe mímọ̀-ọ́n-ṣe mi.

Èmi ni Jòsáyà, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iná ìléru nílé iṣẹ́ abọ́ tánganran n'Ìkẹjà. Lọ́dọọdún, àwa àti àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn máa ń díje eré kẹ̀kẹ́ láti Agége dé Ọ̀tà, ká tún gùn ún padà. Lọ́dún tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Láwálé, akọ̀wé tó ń bójú tó eré wa, fún mi ní hóró oògùn funfun méjì. Wọ́n ní àwọn sójà lò ó lójú ogun kó má baà rẹ̀ wọ́n.

Mo ní, "Ṣé kò sófin tó lòdì sí i, sà?"

"Òfin wo? Gbé e mì, jàre."

Mo gbé e mì. Kò rẹ̀ mí rárá, mo sì gba ipò kìíní àti ife ẹ̀yẹ. Wọ́n gbé mi léjìká kiri ọgbà ilé iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá lò ó, mi ò lè ṣiṣẹ́. Oorun dá lójú mi. Nígbà tó yá, mo ṣubú lẹ́bàá iná, àyà mi ń lù kìkìkì. Ìyàwó mi sáré wá bá Bàbá Alùfáà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí lẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún mi. Lọ́jọ́ kẹta, dókítà ní ọkàn mi ti bọ̀ sípò, mi ò sì fọwọ́ kan oògùn náà mọ́.

Ìdánwò ṣì kù. Ìgbìmọ̀ eré pe ìpàdé láti pinnu bóyá kí wọ́n fòfin de oògùn náà. Ọ̀gbẹ́ni Láwálé ní bí wọ́n bá máa dè é, kí wọ́n de obì àti tíì náà. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, torí bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbàdúrà nínú, mo gbé ife ẹ̀yẹ tí mo gbà dání, mo dìde.

Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo ti ń jẹ obì láti kékeré, kò gbé mi ṣubú rí. Bẹ́ ẹ bá gba oògùn yìí láàyè, ẹni tí kò fẹ́ ẹ náà yóò lò ó, torí kò ní fẹ́ kẹ́yìn. Kì í ṣe èmi ni mo gba ife yìí, oògùn ló gbà á." Mo gbé ife náà sórí tábìlì wọn.

Wọ́n fòfin dè é. Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀gbẹ́ni Láwálé fúnra wọn wá sílé wa, wọ́n ní, "Jòsáyà, má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó lè pààyàn."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tún gun kẹ̀kẹ́ dé Ọ̀tà. Omi lásán ni mo mu. Nígbà tí mo kọjá ní Dopemu, ìyàwó mi dúró létí títì, ó ń juwọ́ sí mi bí ẹni pé èmi ni mo wà níwájú gbogbo wọn. Ẹ̀yin ará, ipò keje ni mo ṣe. Ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run, kẹ́ ẹ sì bá mi yọ̀ sí ipò keje náà.