Nọ́ọ̀tì Tí Mi Ò Dè

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jó mi nínú jù. Ó gbọ́dọ̀ jáde. Ọjọ́ Jímọ̀ ni tẹlígíráàmù dé láti òkè òkun pé Ọláṣùpọ̀, tó ń múra àtilọ ṣèwádìí lọ́hùn-ún, ò ní láti kúrò l'Ékòó mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fẹ́ gbà á sọ́dọ̀ máa fi ẹ̀rọ ìwádìí ránṣẹ́ sí wa ní Yábà, bí àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣáà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ba àbájáde náà jẹ́.

Èmi Motọ́lání, ọmọ Ìwáyà, ni mò ń tọ́jú yàrá ìwádìí tí Ọláṣùpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń da náítírójìn olómi tó tutù ju yìnyín lọ sínú fláàsì, bí ọwọ́ bá sì dilẹ̀, mo máa ń ka ìwé ìtàn tí mo yá. Ọláṣùpọ̀ ló ṣàlàyé irin rẹ̀ fún mi, irin kan tó ń jẹ́ sẹ́ríọ̀mù tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ bàbà. Ó ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn horo tín-ín-tín, ló ń gbé iná kọjá nínú irin. Nínú irin lásán, wọ́n fúyẹ́. Nínú tirẹ̀, bí ó bá ti tutù, wọ́n á máa wọ́sẹ̀ bí aláboyún tó ń gun àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fún irin náà pọ̀ gidigidi, ara wọn á tún fúyẹ́. Ó ní, "Motọ́, ìnira ló ń sọ ẹrù wọn kalẹ̀," ó wá rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ̀.

Ó ti rí i lẹ́ẹ̀kan pé wọ́n fúyẹ́ lóòótọ́. Ọ̀gá wa, Dókítà Ọ̀jẹ̀túndé, ní kó tún un ṣe kí òun tó fọwọ́ sí i, kó lè máa lọ. Irin á wà nínú àgbá kékeré, Ọláṣùpọ̀ á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, èmi á fi sípánà de nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ pinpin kó tó yọ jáàkì. Nọ́ọ̀tì yẹn nìkan ló ń di ìfúnpọ̀ náà mú. Nínú ìwé tí mò ń kà, ọmọbìnrin tí olólùfẹ́ rẹ̀ ń lọ máa ń sunkún ni. Èmi ò sunkún. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, mo yí sípánà lófìfo. Ó bi mí bóyá ó ti le. Mo ní, "Ó le dáadáa, Ẹ̀gbọ́n." Ẹ wo ẹnu mi!

Irin náà ṣe bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọláṣùpọ̀ ò fura sí mi. Ara rẹ̀ ló fura sí. Ó lọ sọ fún Dókítà pé àṣìṣe lòun rí nígbà àkọ́kọ́, Dókítà sì ní kó lọ máa wọn irin ìdáná ìyá rẹ̀. Mo ń gbọ́, mo ń nu tábìlì tó ti mọ́. Èyí tó burú jù ni pé nírọ̀lẹ́, ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé èmi nìkan ni ò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó pín búrẹ́dì rẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Nígbà tó ka tẹlígíráàmù náà tán, ó ní òun á fèsì pé òun ò rí nǹkan kan. Mo bá kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣàṣìṣe. Èmi ni mi ò de nọ́ọ̀tì, torí mi ò fẹ́ kí ẹ lọ. Ẹ foríjì mí. Mò ń lọ sọ fún Dókítà báyìí, màá sì fiṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ lè wá ẹni tí ẹ lè fọkàn tán."