Irọ́ Ogójì Ọjọ́

Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọn yóò ṣe é, èmi náà kò sì béèrè mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí lè rò pé ẹkún ni mò ń sun. Rárá o. Mo jẹ ẹ̀wà láàárọ̀ yìí, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòkòrò inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹ̀wà lọ. Ọkàn mi balẹ̀ báyìí ju ìgbà tí mo wà lóde lọ. Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Káfíńtà ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Èmi àti Bùrọ̀dá Gàníyù, tó ń ṣe àga onítìmùtìmù, la jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan. Ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó sì ń ṣe mí bí àbúrò. Bíà kan lẹ́yìn iṣẹ́ ni ọtí fi bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, ó di pé n kò lè mú ayùn kí ọwọ́ mi má gbọ̀n bí n kò bá tíì mu nǹkan. Ìyàwó mi kó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Mọ́lété.

Bùrọ̀dá Gàníyù ti mutí rí, ó sì ti jáwọ́. Lọ́jọ́ kan, ó gba ayùn lọ́wọ́ mi.

"Àwa kan máa ń pàdé ní Bẹyẹrúnkà láàárọ̀ Sátidé," ló wí. "Ọtí la jọ ń sá fún. Wàá tẹ̀lé mi lọ."

"Ṣé ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí mọ́ṣáláṣí?"

"Kò sí èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Ìjókòó lásán ni. A ó sọ òtítọ́, a ó sì máa lọ sílé."

Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ti ń pàdé. Bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé la ń jókòó lé, orúnkún wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń darí wa. Bó bá kàn ọ́, wàá dìde, wàá sọ iye ọjọ́ tí o kò tíì fẹnu kan ọtí. Bí ogójì ọjọ́ bá pé, ẹni tó mú ọ wá yóò jẹ́rìí sí ọ, gbogbo ilé yóò sì pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn wù mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pàtẹ́wọ́ fún mi kẹ́yìn.

N kò mu bíà mọ́ lóòótọ́, n kò sì mu ògógóró. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, mo máa ń yà lọ́dọ̀ aláàgbo kan ní Ọjà'ba, torí jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ mí lẹ́nu.

"Olómi ni àbí ọlọ́tí?" ni obìnrin náà máa ń bi mí.

"Ọlọ́tí ni kẹ́ ẹ fún mi, Ìyá. Olómi kì í tètè ṣiṣẹ́."

Ife kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Lójú tèmi, oògùn ni mò ń lò. Ta ló ń ka oògùn mọ́ ọtí? Bàbá mi lo àgbo títí tó fi kú, kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀mùtí. Bí mo bá dé ìpàdé, ìgbéraga á gbé mi dìde: "Ọjọ́ méjìlélógún!" Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Irọ́ tèmi tà wàràwàrà.

"Kí lo mu láàárọ̀ yìí?" Bùrọ̀dá Gàníyù bi mí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan.

"Àgbo ni, Bùrọ̀dá mi. Àbí àgbo náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní ìpàdé. Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ."

Mo gbọ́, n kò sì sọ ọ́.

Ogójì ọjọ́ pé. Màmá ní, "Gàníyù, ó yá, jẹ́rìí sí àbúrò rẹ."

Ó dìde. Omi ti lé ròrò sí i lójú. "Ẹ má bínú, Màmá, mi ò lè jẹ́rìí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbóòórùn ọtí lẹ́nu ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo jáde, mo gba Ọjà'ba lọ, mo mu ife mẹ́fà, mo sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ń fi òòlù lu pákó tí kò ṣẹ̀ mí nígbà tí Bùrọ̀dá Gàníyù wọlé tọ̀ mí wá.

"Àbúrò mi, wọ́n ṣì ń dúró dè ẹ́. Jẹ́ ká padà. A tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ni, kò burú."

"Ẹ ti dójú tì mí láàárín èèyàn! Ikú yá ju ẹ̀sín!"

"Kò sẹ́sín níbẹ̀. Gbé òòlù yẹn sílẹ̀, ká máa lọ."

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo la òòlù náà mọ́ ọn lórí. Mo jókòó tì í, mo ń pe orúkọ rẹ̀ títí àwọn èèyàn fi dé. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú.

Nínú ẹ̀wọ̀n, ara mi gbọ̀n fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́dà sọ fún wa pé ìyá kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé fún àwọn tí ọtí kó bá. Màmá ni. Mo fẹ́ sápamọ́, ṣùgbọ́n ibo ni ẹlẹ́wọ̀n ń sá sí? Nígbà tó kàn mí, mo dìde.

"Màmá, àgbo tí mò ń mu, ọtí ni. Irọ́ ni gbogbo ogójì ọjọ́ yẹn. Ẹni tó kọ̀ láti bá mi parọ́, òun ni mo pa."

Màmá sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọjọ́ kìíní ẹ rèé, ọmọ mi."

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Gbogbo Ọjọ́rú làwa mẹ́jọ ń jókòó, n kò sì tíì parọ́ níbẹ̀ rí. Ìyàwó Bùrọ̀dá Gàníyù kò tíì dárí jì mí, n kò sì dá a lẹ́bi. Síbẹ̀ mò ń sùn, ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́, inú mi sì ń dùn lọ́nà tó máa ń ya èmi pàápàá lẹ́nu. Ó kàn dùn mí pé ẹ̀mí èèyàn ni mo fi rà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń yà nídìí aláàgbo kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, n kò ní kí ẹ má tọ́jú ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ oògùn bo ọtí mọ́lẹ̀. Ẹ wá irú ìjókòó yẹn lọ. Bẹ́ńṣì rẹ̀ kò rọ̀, àmọ́ ara á tù yín níbẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá sì sọ níṣojú ayé pé ọtí ń rùn lẹ́nu yín, ẹ ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀lé e lọ.