Ìlà Odò Tí Mo Sún

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ̀ mọ́. Mi ò lè sọ ọ́ nílé, mi ò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó di dandan kí n sọ ọ́ báyìí, torí pé ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, obìnrin kan fẹ́ kí n tẹ̀lé òun lọ sí ọ́fíìsì ìjọba, kí n bá òun bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má wó ilé òun. Èmi gan-an ni mo fà á tí wọ́n fi fẹ́ wó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tán.

Àdúgbò Àgbowó ni à ń gbé, èmi àti bàbá mi. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wa. Ní òdìkejì odò náà ni ilé Ìyá Ràṣídà wà, opó kan tó ń ránṣọ. Àwọn ni wọ́n rán yunifọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ wọ lọ sílé ìwé.

Mo wà lára àwọn tó ń ya máàpù ọ̀fẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó ni ín. Ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe. Tó o bá rí àdúgbò tí kò sí níbẹ̀, o jókòó, o yà á sí i. Ìgbẹ́kẹ̀lé la fi ń ṣe é. Ohun kan tí gbogbo wa gbà ni pé ẹni tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ la máa ń gbà gbọ́ ju ẹni tó jókòó sílé, tó ń wo àwòrán tí wọ́n yà láti òkè. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa pè mí ní Àǹtí Máàpù. Ó máa ń dùn mọ́ mi, kí n má parọ́.

Lẹ́yìn tí àgbàrá òjò ba àwọn ilé kan jẹ́, ìjọba ní àwọn máa wó gbogbo ilé tó sún mọ́ odò jù. Máàpù wa yìí ni wọ́n mú, torí kò sí òmíràn tó ní àwọn odò wẹ́wẹ́ nínú. Wọ́n ní ká bá àwọn yẹ odò àdúgbò oníkálukú wa wò dáadáa. Mo wọ bàtà òjò, mo mú fóònù dání, mo rin odò tiwa látòkè délẹ̀. Ẹrẹ̀ bò mí dé orúnkún. Ìyá Ràṣídà ló bomi fún mi mu, tí wọ́n tún bu èyí tí mo fi ṣan ẹsẹ̀.

Mo délé, mo gbé ohun tí fóònù gbà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Sọ́fítíwíà tí à ń lò, ọ̀fẹ́ lòun náà. Tó o bá ti fún un ní ìlà odò, òun fúnra rẹ̀ á kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní pupa, ibi tí ilé ò gbọdọ̀ wà. Mo wò ó. Inú pupa nilé bàbá mi wà, látilẹ̀kùn dé ilé ìdáná.

Gbogbo ìgbà tí bàbá mi fi ṣe tíṣà ni wọ́n fi kọ́ ilé yẹn, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra. Ọparun ló bo odò náà mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè rí i nínú àwòrán òkè. Ni mo bá di àwọn àmì tó wà lórí ìlà náà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fà wọ́n kúrò lẹ́bàá ilé wa. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo fẹsẹ̀ ara mi rìn ín. Mo rìn ín lóòótọ́. Ohun tí mo yà kọ́ ni mo rìn.

Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ilé wa nìkan ni mò ń wò. Mo ti fẹ àwòrán náà tóbi débi pé ilé wa nìkan ló kún ojú kọ̀ǹpútà. Mi ò rántí pé pupa wà lódìkejì. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíì níṣẹ́! Bí ìlà ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ wa ló ń sún mọ́ ẹlòmíì.

Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ilé Ìyá Ràṣídà. Wọn ò kọ nǹkan kan sára tiwa.

Bàbá mi jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aláṣọ funfun ni wá. Wọ́n ní Ọlọ́run ló fi ọwọ́ Rẹ̀ bo ilé àwọn. Gbogbo ìjọ ń pariwo halelúyà, èmi náà ń pàtẹ́wọ́ nínú sùtánà mi.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò dá a padà. Mo ti ṣí i láìmọye ìgbà. Tí mo bá dá a padà, ilé wa ni àmì náà máa bọ́ sí. Máàpù yìí kì í sì í gbàgbé. Ohunkóhun tó o bá yí padà, orúkọ rẹ ń bẹ lára rẹ̀, gbogbo ayé lè wò ó. Wọ́n á rí i pé èmi ni mo fà á lọ, èmi náà ni mo fà á bọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo fẹsẹ̀ rìn ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ràṣídà wá sílé wa. Wọn ò fura sí mi rárá. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, èmi ọmọ wọn, mo sáré dì wọ́n mú.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Odò yẹn ò sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Bá mi sọ fún wọn. Tó bá jẹ́ ìwọ, wọ́n á gbọ́."

Bàbá mi tó jókòó níbẹ̀ ló bá mi dáhùn. Wọ́n ní màá lọ, kí ni ìwúlò aládùúgbò. Wọ́n tún ní tí wọ́n bá wó o náà, kí Ìyá Ràṣídà gbé maṣíìnì wọn wá sí pálọ̀ wa. Obìnrin náà bú sẹ́kún, wọ́n ń ṣàdúrà fún wa.

Ẹ má pa òwe irọ́ tó lọ lógún ọdún fún mi, mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á wó ilé opó tí kò ṣẹ̀ mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, bàbá mi nìyẹn, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á yè é. Mo ti ronú pé kí n sá lọ, àmọ́ Ọjọ́bọ̀ á ṣì dé.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóbìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Ilé ta ni kí n wó?