Bàlúù Tí Kò Lọ sí Àkúrẹ́, àti Ààlà Oko Mi ní Omifunfun

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọba tó ń bá ẹni tí kò sí nílé ṣọ́ ohun ìní rẹ̀. Halelúyà! Ìwé mi kò pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí, bí ó ti rí gan-an ni n ó sọ ọ́.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin mi tó ń sin ilẹ̀ bàbá ní Yólà ṣàìsàn. Mo wọ mọ́tò lọ bá a. Kò tíì lè dá jókòó nígbà tí awakọ̀ kan tó ń kó obì láti Òrè mú iṣẹ́ dé: Bọ̀dá Jákọ́ọ̀bù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti dá ọjọ́ Sátidé láti gbin pèrègún tuntun sí ààlà oko kòkó tèmi àti tirẹ̀ ní Omifunfun níbí. Ẹ mọ àṣà wa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tẹ ààlà lọ́jọ́ náà kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́. Ìdajì oko mi ni wọ́n fẹ́ gé.

Awakọ̀ náà ní àwọn àgbà ilé bẹ Bọ̀dá kó sún ọjọ́ náà síwájú. Bọ̀dá dá wọn lóhùn pé, "Ṣé ẹsẹ̀ ló fẹ́ fi rìn wá ni? Láti Yólà dé Àkúrẹ́, wákàtí kan àti ààbọ̀ ni bàlúù fi ń fò ó. Bí kò bá wá, a jẹ́ pé ó gbà." Wọ́n sì gbà fún un, nítorí kò sí èyí tó wọ bàlúù rí nínú wọn. Èmi náà gbà á gbọ́! Mo rò pé bàlúù dà bí ọkọ̀ Òrè, tó ń lọ síbi tí èrò bá ti ń lọ.

Àwọn àgùnbánirọ̀ ẹlẹgbẹ́ ọmọ mi dáwó jọ fún mi, nínú ọ̀wọ́n gógó ayé ológun yìí. Mo dé éápọ́ọ̀tù. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ha, Bàbá! Ojú ọ̀run lọ tààrà, bàlúù ni kò lọ. Èkó ni ẹ ó kọ́kọ́ balẹ̀, kí ẹ tó wá wọ mọ́tò. Ọyẹ́ yìí sì nìyí, kò sí èyí tó lè gbéra lónìí."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò mi. Mi ò tọrọ bàlúù mọ́. Mo ní, "Olúwa, ìwọ tí kò síbi tó jìnnà sí ọ, bá mi dúró lórí ilẹ̀ náà." Mo gun ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó ẹ̀wà bọ̀ wá sápá ìhín.

Sátidé ti kọjá kí n tó dé. Mo wo ààlà títí, mi ò rí pèrègún tuntun kankan. Ọnímísì, ará Ìgbìrà tó ń dáko lórí ilẹ̀ mi, ló jáde wá. Ẹ rántí pé ẹni tó ń ro ilẹ̀ ló ń ṣíwájú àwọn àgbà lórí ààlà.

Ó ní, "Wọ́n ní kí n ṣíwájú. Mo ní ẹni tó mú mi tẹ ààlà wọlé kò sí níbí. Bọ̀dá pariwo, ó ní, 'Ìwọ àlejò lásánlàsàn yìí!' Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Mi ò rí ààlà kankan.' Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì lọ sílé."

Ògo ni f'Ólúwa! Ọmọ mi ti gbádùn, ilẹ̀ mi sì wà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì balẹ̀ tán. Bọ̀dá Jákọ́ọ̀bù ló jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn. Bọ̀dá mi, mi ò ní kí Ọlọ́run bá yín jà. Ẹ̀tọ́ mi ni mo ń fẹ́. Ní Sátidé tó ń bọ̀, Ọnímísì yóò ṣíwájú, èmi àti ẹ̀yin yóò tẹ̀ lé e, a ó sì gbin pèrègún síbi tí àwọn bàbá wa gbìn ín sí. Ẹ̀yin ìjọ, bí ẹ bá fẹ́ bá mi yọ̀, ẹ má fi àtẹ́wọ́ parí rẹ̀ síbí. Ẹ wá bá wa fẹsẹ̀ tẹ ààlà náà.