Ìlà Inú Ìkòkò Ọtí

Aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú ọdún 1994 yìí, ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń pọn ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣàgámù. Ìyá náà gbé ìkòkò irin sórí itan.

Ọmọ náà ní, "Màámi, ojú yín ò ríran dáadáa mọ́. Omi tẹ́ ẹ dà sí ọtí níjọ́sí pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó lè mu ọtí yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

"Fọwọ́ kan inú ìkòkò yìí."

"Ta ló fín ìlà méjì yìí síbẹ̀?"

"Alágbẹ̀dẹ ni, lẹ́yìn ọtí ìjọ́sí yẹn. Ìlà ìsàlẹ̀ ni ti ọtí tá à ń mu nílé, tòkè ni ti èyí tá à ń tà lọ́jà. Fọ̀ ọ́ títí, kò ní parẹ́. Kí n tó dáná, màá fìka sórí ìlà, màá sì máa da omi. Tómi bá ti kàn mí níka, ó tó. Ìka mi ti ń ríran."

"Ẹ ò tiẹ̀ sọ fún mi."

"Kó o lè ní mo ti darúgbó? Àgbàdo ni kó o bá mi rù."

Ìka mi ti ń ríran. Ọ̀rọ̀ yẹn mú orí mi wú, omi sì bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ n ò mọ̀ wọ́n rí. Ìyá tèmi náà fẹ́ pa iṣẹ́ aránṣọ tì nítorí ojú. Mi ò fẹ́ kó fi í sílẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kó má rò pé mò ń fi ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni kí n ṣe sọ fún un pé ìka tirẹ̀ náà lè ríran?