Ọmọ Mi Wo Ẹnu Mi, Ó Ní Òun Kò Gba Iṣẹ́ Abẹ

Ẹ bá mi gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí àyà mi kò balẹ̀ rárá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá, tí mo ń ká aṣọ tí mo ti ká. Bí fóònù bá dún, àyà mi a já; bí kò bá dún, àyà mi a tún já. Èsì àyẹ̀wò ètè ọmọ mi ni mò ń retí láti ilé ìwòsàn, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi. Ó sì ti sọ ọ́ sí mi létí pé bí ó bá jẹ́ àrùn tó ṣe mí ló ń ṣe òun náà, òun kò tíì gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan òun. Kí ló fà á? Ẹnu tèmi tó ń wò ni! Ta ni kí n wá fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?

Àfín ni mí, àfín sì ni Bùsáyọ̀ ọmọ mi. Ìjẹ̀bú-Igbó la ń gbé, èmi àti òun nìkan, látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Tíṣà ni mí, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Mamu, ní ilé ìwé kan tí kò sí igi tó ṣíji bo pápá tí a ti ń tò láàárọ̀. Ní ọyẹ́ ọdún kan, ètè mi ìsàlẹ̀ là. Ta ni ètè kì í là fún nígbà ọyẹ́? Mo ra ìpara ní ilé kẹ́míìsì, mo ń fi pa á. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, egbò náà kò kúrò. Etí rẹ̀ le gbagidi, bí mo bá sì ti jẹ búrẹ́dì, ẹ̀jẹ̀ a yọ. Ìgbà tí mo dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Ìbàdàn ni wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní jẹjẹrẹ tí oòrùn máa ń fà sí ara àfín ni.

Obìnrin ni dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Màmá, bí a bá gé ibi tí àrùn dé kúrò, ihò ńlá ni yóò kù. Ara ètè yín tòkè la ó ti mú díẹ̀, a ó yí i wá sí ìsàlẹ̀, a ó rán an mọ́ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò ní tíì já a kúrò lókè, torí ẹ̀jẹ̀ òkè ni yóò máa bọ́ ọ títí ìsàlẹ̀ yóò fi gbà á."

Mo ní, "Ẹnu mi á wá rí báwo?"

Ó ní, "Á so pọ̀ láàárín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà la ó là á."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹ wo èmi tí mo ń fi ẹnu jẹun, tí ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ wá so mọ́ra bí ìbejì! Igun ẹnu mi nìkan ló ṣí. Bùsáyọ̀ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ó wá jókòó tì mí. Òun ló ń fa ògì sínú ike abẹ́rẹ́ tí kò ní irin lẹ́nu, tó ń fún un díẹ̀díẹ̀ sí mi lẹ́nu. Òun ló ń nu itọ́ tó ń dà. N kò lè sọ̀rọ̀, ìwé ni mò ń kọ sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n là á, mo ní kí n kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde níbi tó yẹ kí n ti gbọ́ "Bù". Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ó kù díẹ̀." Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe yíjú sí ògiri.

Mo yè, mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ padà bọ́ sí mi lẹ́nu, àwọn ọmọ kíláàsì mi tún ń gbọ́ mi yé. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti kéré, ó fà sí apá òsì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Mo wá ń fi síkáàfù bo ẹnu mi, nínú ilé àti níta. Bí mo bá fẹ́ jẹun, màá kọ ẹ̀yìn sí ọmọ mi. Mo rò pé àánú rẹ̀ ni mò ń ṣe, kó má baà máa wò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ó wálé láti ilé ìwé, mo rí egbò kékeré kan ní ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀. Mo ní, "Ìgbà wo lèyí ti wà níbẹ̀?" Mo ní a ó lọ rí dókítà. Kí n tó ti ọjà dé lọ́jọ́ kejì, ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ti gba Mákùn-Omi lọ bá ìyá bàbá rẹ̀.

Mo gbá tẹ̀lé e. Ìyá ọkọ mi ń yí ẹja lórí ààrò nígbà tí mo wọlé. Ó ní, "Ìyàwó, èé ti rí?" N kò lè jókòó, ńṣe ni mò ń rìn síwá sẹ́yìn. Mo pe Bùsáyọ̀ jáde, mo ní, "Dìde ká lọ. Èmi náà lọ, wọ́n tún ẹnu mi ṣe, mo sì yè."

Ọmọ náà wò mí lójú. "Wọ́n tún un ṣe? Màámi, bí wọ́n bá tún un ṣe, kí ló dé tí ẹ fi ń kẹ̀yìn sí mi jẹun? Kí ló dé tí ẹ fi ń dì í ní síkáàfù nínú ilé tó jẹ́ èmi àti ẹ̀yin nìkan? Ẹ ò tíì rẹ́rìn-ín látìgbà yẹn. Ẹ̀yin gan-an ò lè wo ẹnu yẹn, ẹ wá ní kí èmi lọ gba irú rẹ̀!"

Háà! Ìyá ọkọ mi bu ìkọ́kọrẹ́, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú ẹja. Mo tú síkáàfù mi. Mo jókòó kọjú sí ọmọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó ní, "Màámi, epo ń kán sí àgbọ̀n yín."

Mo ní, "Yóò máa kán, n kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìkọ́kọrẹ́ yìí dùn."

Ó sún mọ́ mi. Ó fi ìka kan ètè mi, ibi tí wọ́n ti rán an. Ó ní, "Ṣé ó ń dùn yín?" Mo ní níbí, rárá; níbí, ó máa ń ta mí bí ọyẹ́ bá dé. Ìyá àgbà wá dá sí i, ó ní: "Bùsáyọ̀, mo ti sin bàbá ẹ. Ẹnu tó bá wọ́, á ṣì lè bá mi jà. Èyí tó bá wọlẹ̀, kò lè bá mi sọ nǹkan kan mọ́."

Ó tẹ̀lé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Nínú mọ́tò tí à ń bọ̀ wálé, ó ní, "Màámi, àyẹ̀wò nìkan ni mo gbà o. Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ má bẹ̀ mí, ẹ má sunkún lé mi lórí. Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ ohun tí màá ṣe." Mo ní mo gbà. Ó ti padà sí Àgọ́-Ìwòyè báyìí. Bí mo bá pè é, ọ̀rọ̀ ìdánwò ló ń bá mi sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bí àfín, ẹ dá fìlà etí gbooro fún un láti kékeré, ẹ má sì pe egbò tí kò jinná ní ọyẹ́. Ṣùgbọ́n èmi tí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ tèmi ń kọ́? Ọmọ náà ti dàgbà, n kò lè gbé e sẹ́yìn lọ sílé ìwòsàn mọ́. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, mo ba ohun tí mo bá a dá jẹ́, ó sì lè tún sá. Bí mo bá dákẹ́, tó ní òun kò ṣe, ta ni yóò sin ta ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí èsì náà tó dé: ṣé kí n dákẹ́ bó ti ní kí n dákẹ́, àbí kí n kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo bí?