Mo Ní Ọmọ Mi Kò Sọ Nǹkan Kan

"Mọ́mì, ṣé ẹni tí wọ́n bá pè ní emèrè máa ń mọ̀ fúnra rẹ̀ pé emèrè ni òun?"

Ìbéèrè tí ọmọ mi obìnrin, Dúrójayé, bi wá nìyẹn nígbà tí a ń jẹun alẹ́ òní. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Kò gbójú sókè nígbà tó ń bi í, iṣu tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gé sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fi bọ́ ọmọ ọwọ́. Bàbá rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀. Bùnmi àbúrò rẹ̀ wo ojú mi, ó wo ojú bàbá rẹ̀. Èmi ni mo wá ní kó jẹun kí oúnjẹ má baà tutù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, irú ìdáhùn wo nìyẹn? Ọmọ ń bi ìyá rẹ̀ bóyá ikú ń bẹ nínú ara òun, ìyá ní kó jẹ iṣu! Ìtìjú ń pa mí lọ. Mo mọ ẹni tó fi ìbéèrè náà sí ọmọ mi lẹ́nu. Èmi ni.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rù mi ti wá. Dúró kọ́ ni àkọ́bí mi. Mo ti bí Àbẹ̀kẹ́ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ di ọmọ ọdún méje, ó kó àwọn bèbí rẹ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pín wọn fún àwọn ọmọ tí a jọ ń gbé, ó ní òun ò ní lò wọ́n mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ mi lawọ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ibà fi gbé e lọ. Obìnrin àgbà kan tó wá bá mi dárò ló sọ fún mi pé ọmọ náà ti dágbére fún mi, èmi ni mi ò gbọ́. Ó ní emèrè ni, ọmọ tó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn ọjọ́ tí yóò padà lọ kó tó wá sáyé, àti pé bí ìyá bá tètè fura, ó ṣeé dá dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn jókòó sí mi lọ́kàn, kò dìde mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ èyí tí mo bí tẹ̀lé e ní Dúrójayé. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, wọ́n ń fi àwọn òyìnbó kan hàn nínú ìròyìn lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n ń múra àtilọ sí ilé kan tí wọ́n kọ́ sójú òfurufú, ilé tó ń yí ayé po láìdúró, tí ènìyàn lè gbé inú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Obìnrin kan wà láàárín wọn. A rí wọn nínú omi jíjìn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. A rí ibi tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí wọn, kí wọ́n má baà kó ikọ́ tàbí òtútù lọ síbi tí kò ti sí ilé ìwòsàn. Láti ẹ̀yìn gíláàsì ni obìnrin náà ti ń juwọ́ sí ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ka nọ́ńbà sẹ́yìn, iná bẹ́ yọ lábẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ, èéfín bo gbogbo ilẹ̀, ó gbéra. Dúró ti dìde lórí àga, ó lọ dúró síwájú tẹlifíṣàn gan-an. Bí ó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí ni wọ́n mú iná lọ. Nínú òkùnkùn yẹn, mo ń wá àbẹ́là, òun ń bi bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sùn níbẹ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn, ìgbà tí obìnrin yẹn máa padà wá bá ọmọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń dá a lóhùn. Èmi ní kí wọ́n lọ sùn.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì. Kò pẹ́ sí àkókò yẹn tí wọ́n rán an lọ sí Àbújá fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì. Èmi ń ṣiṣẹ́ títẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, kí n tó rí takisí padà sí Agbowó, ilẹ̀ á ti ṣú. Ohun tí mo ń bá nílé nígbà tí bàbá wọn kò sí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Dúró kò bá Bùnmi jẹun nínú abọ́ kan náà mọ́. Ó gbé ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá, ó lọ tẹ́ ẹ sí pálọ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fara kan òun. Ní ọjọ́ Àìkú, ó kó bàtà pupa tí mo rà fún un nígbà Kérésì fún Bùnmi. Ó ní, "Máa wọ̀ ọ́. Mi ò lè gbé e dání, ẹrù ò gbọdọ̀ wúwo níbi tí mò ń lọ."

Bèbí Àbẹ̀kẹ́ ni mo rántí. Lọ́jọ́ kejì, mo tètè dé láti ibi iṣẹ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilé níbi tí a ń sá aṣọ sí, òun àti àwọn ọmọ mẹ́ta kan, Tóyìn ọmọ ìyá tó múlé tì wá sì wà nínú wọn. Wọ́n ń ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Nígbà tí wọ́n kà á tán, Dúró ní, "Ọjọ́ Fúráìdé là ń lọ. Ẹ má jẹ́ kí Mọ́mì mi gbọ́ o, títí a ó fi lọ." Ẹ̀yin ìyá, ká ní ẹ̀yin ni mí, kí lẹ máa rò?

Ṣé ẹ rí i, títí dé ibi tí mo sọ ọ́ dé yìí, ẹnikẹ́ni lè dárí jì mí. Ibi tó kàn ni mi ò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Mo fa ọmọ náà wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bi í pé ibo ló ń lọ. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rí níbi tó sá pamọ́ sí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti gbọ́ nìyẹn. Eré ilé ìwé wa ni. Ọjọ́ Fúráìdé la máa ṣe é níwájú àwọn òbí. Èmi ni mo máa ṣe obìnrin tó lọ sójú òfurufú. Tíṣà wa ní ká máa ṣe bíi tiwọn nílé, ká ya ara wa sọ́tọ̀. Dádì mọ̀. Mo fẹ́ kó ya ẹ̀yin lẹ́nu ni."

Ó sọ ọ́ kedere bí mo ṣe kọ ọ́ yìí. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀rọ̀ Dúró lọ Ìyá Tóyìn kí n tó wọlé, mi ò dárúkọ Tóyìn sí i, ó sì ti sọ fún mi pé emèrè kì í ṣaláìní àlàyé tó dùn létí. Mo ní kí ọmọ mi pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ilé ìwé wọn wà ní Bódìjà níbí, ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni. Ṣé mo lọ bi tíṣà? Mi ò lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí tíṣà bá lóun ò mọ nǹkan kan nípa eré, kí ni mo fẹ́ ṣe? Ó rọ̀ mí lọ́rùn kí n gba ọmọ mi là ju kí n gbọ́ ohun tó ń sọ lọ.

Ní ọjọ́rú, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ aládùúrà kan lápá Challenge. Ìyá Ìjọ jẹ́ àgbàlagbà tí kì í yára sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé bàtà, mo ṣàlàyé ẹní, mo ṣàlàyé ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó gbọ́ mi tán, ó wá bi mí pé, "Ọmọ yìí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kí ló sọ?"

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan, mà. Ó kàn ń dákẹ́ ni."

Dúró kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀. Ó yí ojú sí mi. Kò sunkún, kò jiyàn. Ó kàn ń wò mí bí ọmọ tó ṣìnà nínú ọjà ṣe máa ń wo ojú ẹni tó kọ́kọ́ rò pé ìyá òun ni.

A sun ibẹ̀ di Fúráìdé. Wọ́n gbààwẹ̀ fún un, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ lódò ní ìdájí, wọ́n fá irun rẹ̀. Wọ́n bi í pé àwọn wo ló fẹ́ bá lọ. Nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, ó dárúkọ àwọn ọmọ mẹ́ta tí wọ́n jọ wà nínú eré náà. Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, ẹnìkan nínú ìjọ ti gbé e dé etí Ìyá Tóyìn pé wọ́n ka orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ti emèrè.

Ọ̀sán Fúráìdé ni ọkọ mi dé. Ọ̀dọ̀ Ìyá Tóyìn ló ti gbọ́ ibi tí a wà. Ó gbé ike omi ńlá kan dání, wọ́n gé ojú sí i, wọ́n lẹ bébà dídán mọ́ ọn yí ká. Ó rí orí ọmọ rẹ̀ tí a fá, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ta ló kú?"

 Ó wá sọ fún wa pé láti ibùdókọ̀ ni òun ti gba ilé ìwé lọ tààrà kí eré má baà ṣẹ́yìn òun, pé gbogbo òbí ti jókòó, pé ọmọ mìíràn ni wọ́n fi dípò Dúró, àti pé akoto tí bàbá àti ọmọ jọ ṣe kó tó lọ sí Àbújá kò wọ ọmọ náà lórí, ni tíṣà fi ní kóun máa gbé e lọ. Ìyá Ìjọ dìde lórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi kan ojú Dúró, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ò sọ fún ìyá rẹ ni?"

Ọmọ mi wò mí. Mo mọ̀ pé òtítọ́ ti dé, mo ń dúró kó balẹ̀ lé mi lórí. Ó wá ní, "Mi ò sọ fún wọn, mà. Ẹ má bínú."

Mo dákẹ́! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án purọ́ kí ojú má baà ti ìyá rẹ̀, ìyá sì gba irọ́ náà, ó dì í mọ́ra. Nígbà tí a ń lọ sílé nínú takisí, bàbá rẹ̀ ń bá a wí jẹ́jẹ́ pé ọmọ kì í fi nǹkan pamọ́ fún ìyá rẹ̀, ó ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Títí dòní, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé ọmọ náà ló bo ọ̀rọ̀ mọ́ra, pé kò sóhun tí ìyá lè ṣe.

Irun rẹ̀ ti hù. Ṣùgbọ́n Ìyá Tóyìn ti ní kí Tóyìn má bá a ṣeré mọ́. Bó bá lọ pọnmi, àwọn ọmọ á máa bi í pé, "Emèrè, ọjọ́ wo lọkọ̀ yín ń gbéra?" Bí wọ́n bá sì fi àwọn tó ń lọ sójú òfurufú hàn nínú ìròyìn báyìí, á dìde, á lóun fẹ́ lọ fọ abọ́. Abọ́ kì í sí nílẹ̀. Mo rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ó pàdánù eré kan lọ. Àṣé látìgbà yẹn ló ti ń rò ó pé ìyá òun kò lè purọ́ lásán, pé bóyá nǹkan kan wà lára òun tí òun fúnra òun ò mọ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ yìí, mo lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi ní Èkìtì, mi ò rí ìyá tó bẹ ọmọ rẹ̀ rí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní, "Dúró, ìwọ kì í ṣe emèrè. O sọ fún mi. O sọ ọ́ dáadáa. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọ." Ó kọjú sí ògiri. 

Ó wá ní, "Ṣé ẹ máa sọ fún Dádì?"

Mo ní màá sọ.

"Àti Ìyá Tóyìn?"

Mi ò tíì ro ìyẹn rí. Mo tún ní màá sọ, ṣùgbọ́n ohùn mi ò le. Ó ní ṣé lọ́la ni. Mo ní kó sùn.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ níbi tí ọkọ mi ti ń gbọ́ rédíò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo padà. Kì í ṣe ẹni tó máa ń bínú, ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Ibo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, àbí ọ̀dọ̀ Ìyá Ìjọ tí mo fi irọ́ mi gba àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí mo bá sì lọ kanlẹ̀kùn Ìyá Tóyìn, ṣé yóò gbà mí gbọ́, àbí yóò ní ìyá emèrè náà kì í ṣaláìní àlàyé? Ẹ̀yin tí ẹ láyọ̀ lórí ọmọ, bí ọmọ yín bá sọ̀rọ̀, ẹ má fi ẹ̀rù dá a lóhùn.

Rédíò ti dákẹ́. Ọkọ mi ti wọlé lọ, mo ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun. Bùnmi ti yí gbogbo aṣọ ìbora mọ́ra, bó ṣe máa ń ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú wo Dúró, oorun ti gbé òun náà lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣubú kọjá etí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ̀ nígbà tí mo gbé e padà. Kò wá sí ẹni tó kù nínú ilé yìí tí mo lè sọ ọ́ fún lálẹ́ yìí, àfi ẹ̀yin.